Lẹ́ńsì àtijọ́ oníkúróòmù àti dúdú: ṣé àwọ̀ ara ló ń yí àwòrán padà ni?

Àbẹ̀ní_Fíìmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí lẹ́ńsì àtijọ́ wà níbí.

Mo ní lẹ́ńsì 50mm f/2 kan tí wọ́n ṣe láàárín 1950 sí 1960. Kúróòmù ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, ó ń dán, ó sì wúwo lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ilé iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, àmọ́ dúdú ni tirẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tèmi. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ ilé iṣẹ́.

A pààrọ̀ lẹ́ńsì fún ọjọ́ méjì. Àwòrán tí mo fi tirẹ̀ yà mú ṣáṣá, ibi tó yẹ kó dúdú sì dúdú dáadáa. Tèmi ńkọ́? Ó dà bíi pé ẹnì kan fi ẹfun pa gbogbo rẹ̀ lára. Ìgbà tí mo bá dojú kámẹ́rà kọ fèrèsé ló wá ń burú jù. Ọ̀rẹ́ mi ní kúróòmù ló fà á, pé ìmọ́lẹ̀ ń ta lára rẹ̀ wọ inú gíláàsì.

Mo ti fẹ́ tà á kí n wá dúdú rà. Ṣé òótọ́ ni ohun tó sọ? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ta ohun tí n kò ní rí rà padà.

Ojú_Inú

Má tà á. Gíláàsì ló ń ya àwòrán, irin kàn gbé e dání ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lára kúróòmù, ìta ló ń ta sí. Inú òrùka iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè ṣe jàǹbá, dúdú ni wọ́n máa ń kùn ún, ì báà jẹ́ oníkúróòmù, ì báà jẹ́ dúdú. Ṣí ìdérí rẹ̀ kí o wò ó fúnra rẹ.

Atọ́kùn35

Ẹ̀gbọ́n Ojú_Inú, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Òótọ́ ni pé àwọ̀ ara kì í ya àwòrán, àmọ́ ó máa ń sọ ọjọ́ orí lẹ́ńsì fún wa, ọjọ́ orí ló sì ń sọ irú ìbòrí tó wà lójú gíláàsì láti dín ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà kù. Láti ìgbà tí Alexander Smakula ti ilé iṣẹ́ Zeiss ti rí ọgbọ́n fífi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gíláàsì ní 1935, ìpele kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́ńsì tó ní ìbòrí ń lò títí di nǹkan bí 1970. Ní 1971 ni Pentax gbé Super-Multi-Coated Takumar jáde, onípele púpọ̀, àwọn yòókù sì sáré tẹ̀ lé e. Sáà yẹn náà ni kúróòmù ń kúrò lára lẹ́ńsì tí dúdú ń gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá mú dúdú, ó ṣeé ṣe kó ti mú ìbòrí tó dára jù láìmọ̀.

Ẹ wo Olympus OM. Àwọn lẹ́ńsì tó kọ́kọ́ bá kámẹ́rà náà jáde ní 1972, òrùka fàdákà ló wà níwájú wọn, òun la ń pè ní imú fàdákà. Àwọn tó dé lẹ́yìn jẹ́ imú dúdú. Imú fàdákà, ìpele kan. Imú dúdú, ìpele púpọ̀. Ó parí. Àbẹ̀ní, ta tìrẹ, kí o ra dúdú.

Aka_Lẹ́tà

Kò parí o, Atọ́kùn. Imú dúdú 50mm f/1.8 wà lọ́wọ́ mi báyìí, F.Zuiko ni wọ́n kọ sí i, kò sí MC lára rẹ̀, ìpele kan sì ni ìbòrí rẹ̀. Àwọ̀ imú yí padà kí ìbòrí tó yí padà. Lẹ́tà ni kí a máa kà.

Lẹ́tà tó ṣáájú Zuiko, orúkọ lẹ́ńsì Olympus, ń sọ iye gíláàsì tó wà nínú rẹ̀, bí lẹ́tà ṣe tò léra nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì: E jẹ́ márùn-ún, F jẹ́ mẹ́fà, G jẹ́ méje. Nígbà tí ìbòrí onípele púpọ̀ dé, wọ́n kọ MC sí i. Nígbà tó yá tí ìyẹn ti di ohun gbogbo gbòò, wọ́n yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n yọ MC náà kúrò, ó wá ku Zuiko lásán. Ẹni tó bá rí èyí tí kò ní MC, tó sì sọ pé ti àtijọ́ ni, ó lè jẹ́ èyí tó jáde kẹ́yìn pátápátá ló dì mú.

Ti Nikkor, lẹ́ńsì ilé iṣẹ́ Nikon, tún le jù bẹ́ẹ̀. Q jẹ́ gíláàsì mẹ́rin, P márùn-ún, H mẹ́fà, S méje. Lára lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà Nikon S ní 1950 sókè, C tó tẹ̀ lé e ń sọ pé wọ́n fi ìbòrí bo gíláàsì, ìpele kan ni. Wọ́n pa C yẹn tì nígbà tí gbogbo lẹ́ńsì ti ní ìbòrí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970 sí 1979 ó tún padà wá sára lẹ́ńsì Nikon F, àmọ́ nígbà yìí ìpele púpọ̀ ló túmọ̀ sí. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ méjì, ogún ọdún láàárín wọn. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń fi C àtijọ́ ta lẹ́ńsì bíi pé C tuntun ni.

Atọ́kùn35

Mo gba ti imú dúdú yẹn, n kò mọ̀ pé ìpele kan wà nínú wọn. Ẹ ṣeun. Àmọ́ ti Àbẹ̀ní kì í ṣe Olympus, ogún ọdún ló sì wà láàárín méjèèjì. Mo ṣì dúró lórí ìbòrí.

Ọ̀gá_Atúnṣe

Àbẹ̀ní ọmọ mi, fi sùúrù kà á, ọ̀rọ̀ mi yóò gùn díẹ̀. Iṣẹ́ títú lẹ́ńsì ni mo ń ṣe, ohun tí mo bá sì fẹ́ sọ, ojú mi ló rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí oníkúróòmù fi wúwo. Kúróòmù kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Wọ́n lè fipá mú un, àmọ́ wàhálà rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń bó. Ó rọrùn lára idẹ, nítorí náà idẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ara lẹ́ńsì oníkúróòmù. Lẹ́ńsì dúdú, alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù, iná mànàmáná ni wọ́n sì fi ń mú kí dúdú náà wọ ara irin, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Idẹ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níhà gbogbo, nǹkan bíi gíráàmù 8.5 ni, alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà kò ju 2.7 lọ. Ẹ wo Summicron-M 50mm f/2 ti Leica tí ètò gíláàsì rẹ̀ kò tíì yí padà láti 1979. Dúdú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 240, oníkúróòmù jẹ́ 335. Gíláàsì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Gíráàmù 95 tó lé, irin lásán ni, kò sì fi nǹkan kan kún àwòrán.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun ni kúróòmù o. Jupiter-8 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Helios-44 àkọ́kọ́, àti ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tí Zeiss ṣe ní Jena ní 1950 sí 1960, alumíníọ̀mù tí a kò pa láró ni wọ́n. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní oníkúróòmù lójú ọjà, àṣìpè ni. Wo ibi tí ọwọ́ ti jẹ ẹ́: tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí idẹ, kúróòmù lórí idẹ ni. Tó bá funfun dé ìsàlẹ̀, alumíníọ̀mù ni. Bó o ṣe ní tìrẹ wúwo yẹn, ó jọ pé idẹ ni.

Ó wá ku ẹfun tí o ní wọ́n fi pa àwòrán rẹ. Ìbòrí onípele kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán tí o kò dojú kọ ìmọ́lẹ̀. Ó lè dín dúdú kù díẹ̀ níwájú fèrèsé, àmọ́ kì í pa gbogbo rẹ̀ lẹ́fun láti etí dé etí. Ohun tí mo fura sí ni kùrukùru inú lẹ́ńsì. Gírísì tí wọ́n fi sí ibi tí a ti ń yí fókọ́ọ̀sì, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, oje rẹ̀ máa ń yọ bí ooru, á wá balẹ̀ sójú gíláàsì inú, pàápàá àwọn tó sún mọ́ ihò ìmọ́lẹ̀, ihò inú lẹ́ńsì tí a ń ṣí tí a sì ń pa kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ tàbí kó dín kù. Tí o bá gbé lẹ́ńsì sókè wò lásán, o lè má rí i rárá. Ṣe báyìí: ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ dé f/2, ibi tó ṣí jù, wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, àmọ́ má jẹ́ kó dojú kọ ẹ́ tààrà, yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Tí gíláàsì bá mọ́, òkùnkùn lo máa rí pẹ̀lú eruku díẹ̀ tó ń tàn. Tí kùrukùru bá wà, á tàn bí èéfín tó dúró sójú kan. Tó bá jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tan ká bí gbòǹgbò lo rí, ebu nìyẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Kùrukùru kì í mọ dúdú yàtọ̀ sí oníkúróòmù. Kódà ó lè jẹ́ dúdú ló máa fìyà jẹ. Àwa tó ń tú lẹ́ńsì mọ Canon 50mm f/1.8 onídèyíyí, èyí tí a ń yí mọ́ kámẹ́rà bí ìdè: oníkúróòmù rẹ̀ tó jáde ní 1951 sábà máa ń mọ́ nínú, àmọ́ dúdú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni kùrukùru máa ń bá jà lójú gíláàsì ẹ̀yìn ihò ìmọ́lẹ̀, ó sì máa ń jẹ gíláàsì náà nígbà míì débi pé nínù kò ràn án mọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé dúdú ni kí gbogbo èèyàn máa rà, kó rántí ìyẹn.

Tọ́ọ̀ṣì ni kí o kọ́kọ́ tàn. Ọ̀rọ̀ títà kò tíì yá.

Ojú_Inú

Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Mo fi èyí kún un: kí Àbẹ̀ní tún gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn wá, kó dán méjèèjì wò lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́ńsì kan lónìí, èkejì lọ́la, ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, ojú ọjọ́ lo dán wò.

Gbé kámẹ́rà kan ṣoṣo lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, má sì gbé e kúrò. Yan ohun kan tó jìnnà tó mítà mẹ́ta. Ya f/2, f/4 àti f/8 pẹ̀lú lẹ́ńsì èkíní, yọ ọ́, so èkejì mọ́ ọn, ya mẹ́ta náà, kí o sì tún fókọ́ọ̀sì ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, má gbára lé òǹkà ara òrùka. Nígbà tí o bá parí, yí sí fèrèsé, kí o ya á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fìlà lẹ́ńsì (èyí tó ń ṣíji bo ojú lẹ́ńsì, kì í ṣe ìdérí) àti lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Má jẹ́ kí kámẹ́rà yan iye ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kódà lẹ́yìn gbogbo èyí, méjì péré lo ti dán wò. Lẹ́ńsì oníkúróòmù méjì tó jáde lọ́sẹ̀ kan náà lè yàtọ̀ síra wọn ju bí oníkúróòmù kan ṣe yàtọ̀ sí dúdú kan lọ, pàápàá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni lè ti tú u, tó ti jẹ́ kó bọ́, tàbí tó ti dá gíláàsì kan padà sódì.

Dúdú_Òun_Funfun

Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbòrí onípele kan bíi pé àìsàn ni. Fíìmù dúdú òun funfun nìkan ni mo ń lò, lẹ́ńsì oníkúróòmù ni mo sì máa ń gbé jáde nígbà tí òòrùn bá ràn gan-gan. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń fọ́n ká nínú rẹ̀ máa ń tan ibi òjìji díẹ̀, ojú èèyàn lábẹ́ fìlà á ṣì hàn. Onípele púpọ̀ á jẹ́ kí ibẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ìgbà yẹn ni mo máa ń fẹ́ dúdú tó mú ṣáṣá.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn: ewé irin inú ihò ìmọ́lẹ̀. Helios-44 funfun àkọ́kọ́ ní ewé mẹ́tàlá. Helios-44-2 dúdú tó gba ipò rẹ̀ ní mẹ́jọ. Gíláàsì méjèèjì tọ ipasẹ̀ Biotar 58mm f/2 ti Zeiss, àmọ́ tí o bá pa ihò dé f/4, àmì ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwòrán á rí roboto nínú ti funfun, á ní igun nínú ti dúdú. Ó hàn lójú àwòrán ju ọ̀rọ̀ ìbòrí lọ. Bákan náà ni 135mm f/2.8: Orestor ti Meyer ní ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di Pentacon dúdú, ó di mẹ́fà.

Aka_Lẹ́tà

Àtúnṣe kékeré. Pentacon 135mm dúdú tó kọ́kọ́ jáde ṣì ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó dé lẹ́yìn ló di mẹ́fà. Orúkọ yí padà kí ewé tó yí padà, bí àwọ̀ imú Olympus ṣe yí padà kí ìbòrí tó yí padà. Ẹ ṣí ihò kí ẹ ka ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má gba orúkọ gbọ́.

Dúdú_Òun_Funfun

Òótọ́ ni. Mo gbà.

Ẹlẹ́rù_Fúyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń rìn. Ọjọ́ gbogbo ni kámẹ́rà ń wà lọ́rùn mi. Gíráàmù ọgọ́rùn-ún tó lé lórí lẹ́ńsì kan kì í ṣe nǹkan láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọrùn mọ̀ ọ́n. Tí lẹ́ńsì mẹ́ta bá wà nínú àpò, tí gbogbo wọn sì jẹ́ idẹ, ìwọ̀n lẹ́ńsì kẹrin lo fi kún ẹrù yẹn lásán.

Kúróòmù tún máa ń tàn. Ojú èèyàn á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀ pé mo fẹ́ ya òun. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni nígbà tí mo bá ń ya nǹkan láti ẹ̀yìn gíláàsì, bí fèrèsé tàbí àpótí onígíláàsì tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí. Òrùka funfun tó wà níwájú lẹ́ńsì máa ń hàn nínú gíláàsì náà bí òṣùpá kékeré. Dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n Ojú_Inú, kúróòmù lè wọ inú àwòrán lóòótọ́, àfi pé ọ̀nà ibòmíràn ló gbà wọlé.

Apá kejì rẹ̀ ni oòrùn. Dúdú máa ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí Canon fi kun àwọn lẹ́ńsì ńlá rẹ̀ tó ń wo ọ̀nà jíjìn ní funfun, kí ooru má baà yọ gíláàsì inú wọn lẹ́nu.

Atọ́kùn35

Lẹ́ńsì ńlá ńkọ́, ìyẹn yé mi. Àmọ́ 50mm kékeré tó wà lọ́wọ́ èèyàn, ooru wo ló fẹ́ mú un?

Ọ̀gá_Atúnṣe

Àwòrán kò ní yàtọ̀ lóòótọ́, Atọ́kùn, ibẹ̀ o gba ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi lẹ́ńsì dúdú sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí òòrùn ń pa, gírísì á yọ́, á ṣàn wọ inú ewé ihò ìmọ́lẹ̀. Ewé tó bá ti mu epo á máa lẹ̀ mọ́ra, oje epo náà ni á sì di kùrukùru lọ́jọ́ iwájú. Oníkúróòmù náà á gbóná tó bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi èyíkéyìí sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Mo gbàgbé ohun kan ná: ẹ má fi nǹkan tí a fi ń dán idẹ nu ara kúróòmù. Ó ń ha á, ó sì máa ń jẹ ọ̀dà inú òǹkà kúrò. Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ti tó.

Akólẹ́ńsìjọ

Mo rí i pé Atọ́kùn ti ń rọ Àbẹ̀ní pé kó ra dúdú. Kó tó lọ, kó gbọ́ èyí. Láàárín àwọn lẹ́ńsì Leica ti 1950 sí 1970, kúróòmù ló wọ́pọ̀. Dúdú tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lórí idẹ nílé iṣẹ́ kéré níye, owó rẹ̀ sì ju ti oníkúróòmù lọ fíìfíì. Nítorí náà àwọn kan máa ń ra oníkúróòmù, wọ́n á fá kúróòmù ara rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní dúdú, wọ́n á wá tà á bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì dùn mí títí dòní.

Ohun tí mo ń wò báyìí ni òǹkà ara rẹ̀. Nínú èyí tó jáde bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, etí òǹkà tí wọ́n gbẹ́ máa ń mú, ó sì jinlẹ̀ bákan náà. Nínú èyí tí wọ́n tún kùn, etí rẹ̀ ti rọ nítorí fífá, ọ̀dà dúdú á sì ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Mo tún máa ń wo orí àwọn ìdè kéékèèké: tí ọ̀dà bá wà nínú ojú wọn, ẹnì kan ti kùn ún láìtú u. Ibi tí ọwọ́ ti jẹ ọ̀dà kúrò tí idẹ ti yọjú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ibi tí ìka máa ń dì mú àti etí òrùka. Tí idẹ bá yọ láàárín ihò tí ìka kò lè dé, ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á.

Ti lílò lásán, ẹ má wá ọ̀dà dúdú. Oníkúróòmù kan náà ni, owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kò yàtọ̀.

Bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan tó sún mọ́ èyí. Mo ní dúdú kan tí àwòrán rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ rúsúrúsú, oníkúróòmù ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ìbòrí ni?

Aka_Lẹ́tà

Gbé lẹ́ńsì náà lé orí ìwé funfun kí o wò ó láti òkè. Tí gíláàsì fúnra rẹ̀ bá pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi thorium sí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín 1960 sí 1980 kí gíláàsì lè tẹ ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Super-Takumar 50mm f/1.4 onígíláàsì méje ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ìtànṣán tó ń jáde lára thorium ló ń jẹ́ kí gíláàsì pọ́n bí ọdún ṣe ń lọ. Iná UV ló ń yọ ọ́: fi lẹ́ńsì sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máa wò ó, á mọ́ díẹ̀díẹ̀. Má tẹjú mọ́ iná náà o. Àwọ̀ ara kò ní ọwọ́ nínú èyí rárá.

Bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ó pọ́n lóòótọ́! Super-Takumar gan-an ni. Ẹ ṣeun.

Àbẹ̀ní_Fíìmù

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé, ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì bí Ọ̀gá ṣe sọ. Ọkàn mi já. Èéfín tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mo rí, ó dúró sójú gíláàsì tó wà lẹ́yìn ihò ìmọ́lẹ̀, ó sì nípọn ní àárín. Ti ọ̀rẹ́ mi mọ́ tónítóní. Mo gbé tèmi lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó tú u, ó nù ún, ó ní a dúpẹ́ pé kò tíì jẹ gíláàsì. Ó tún gbogbo gírísì rẹ̀ ṣe. Fókọ́ọ̀sì tó ti ń le tẹ́lẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ìdánwò tí ẹ̀gbọ́n Ojú_Inú là sílẹ̀. Mo lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan. Ní f/4 àti f/8, nígbà tí mo kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, mo kó àwòrán méjèèjì fún ọ̀rẹ́ mi láìsọ èyí tó jẹ́ ti ta, kò mọ̀ ọ́n. Ní f/2, tirẹ̀ mú díẹ̀ ju tèmi lọ ní etí, àárín kò yàtọ̀.

Ti fèrèsé ni ìyàtọ̀ ṣì wà. Láìsí fìlà lẹ́ńsì, tèmi ṣì máa ń ní àwọ̀ fífẹ́lẹ́ kan tó bo ìsàlẹ̀ àwòrán, tirẹ̀ kò ní. Mo wá fi ojú gíláàsì méjèèjì síwájú fìtílà. Tèmi ń dá àwọ̀ búlúù kan náà padà láti gbogbo ojú gíláàsì. Tirẹ̀ ń dá àwọ̀ ewé, elésè àlùkò àti pupa padà. Nítorí náà Atọ́kùn, ohun tí o sọ nípa ìbòrí rí bẹ́ẹ̀ lára méjì yìí. Nígbà tí mo de fìlà mọ́ tèmi, ó ku díẹ̀ kí n má rí ìyàtọ̀ náà mọ́.

N kò ní tà á. Àmọ́ ó ku ohun kan: fìlà tí mo ní, òun àti lẹ́ńsì kò bára mu, mo kàn fi ọwọ́ dì í mú ni. Inú rẹ̀ sì ń dán. Ṣé ó léwu?

Ojú_Inú

Inú mi dùn gan-an, Àbẹ̀ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í padà wá sọ àbájáde.

Ọ̀gá_Atúnṣe

O káre, ọmọ mi. Fìlà tí inú rẹ̀ ń dán burú ju àìní fìlà lọ nígbà míì, torí á gba ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò bá dé ojú gíláàsì, á dà á wọ inú rẹ̀. Fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kun inú rẹ̀, tàbí kí o lẹ aṣọ dúdú onírun mọ́ ọn. Wọn ẹnu lẹ́ńsì rẹ níbi tí fílítà máa ń wọ̀ kí o tó wá òmíràn, torí ẹnu oníkúróòmù àti ẹnu dúdú kì í sábà jọra bí ogún ọdún bá ti wà láàárín wọn. Má gba fìlà ọ̀rẹ́ rẹ láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Atọ́kùn35

Àbẹ̀ní, mo tọrọ àforíjì pé mo ní kí o tà á. Èmi náà tan tọ́ọ̀ṣì sí tèmi lálẹ́ àná, dúdú ni, mo sì ti ń fọ́nnu lé e lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi gbòǹgbò wà ní etí gíláàsì iwájú. Ọ̀gá, ẹ ní ọ̀rọ̀ ebu yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe yàtọ̀?

Ọ̀gá_Atúnṣe

Kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn lẹ́ńsì yòókù lónìí, kí o sì gbé e síbi gbígbẹ. Ṣí ìjíròrò tuntun fún un, kí o fi àwòrán ohun tí o rí síbẹ̀. Màá dá ọ lóhùn níbẹ̀.